Dídàgbà Nínú Ìgbàgbọ́ Krístì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Onígbàgbọ́ ní Èkìtì

Ìjọ pọ̀ ní Èkìtì, láti Adó dé Òmùò, láti Ìkéré dé Ọ̀tùn, a sì dúpẹ́ fún un. Síbẹ̀, lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí àwọn yòókù bá ti ń lọ sílé, àwọn kan máa ń dúró de ẹni tí ó ń kọ́ wọn ní Bíbélì láti béèrè bí ìgbàgbọ́ tí wọ́n jẹ́wọ́ yóò ṣe máa hàn nínú ìgbé ayé wọn láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àbámẹ́ta. A kó irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jọ síhìn-ín, a sì dáhùn wọn bí a ti mọ̀, láìka ìjọ tí ẹ ń lọ sí.

Kí ni a ní lọ́kàn bí a bá sọ pé onígbàgbọ́ kan ń dàgbà nípa ti ẹ̀mí?

Ní ìparí lẹ́tà rẹ̀ kejì, Àpọ́sítélì Pétérù gba àwọn onígbàgbọ́ níyànjú pé kí wọ́n máa dàgbà nínú oore-ọ̀fẹ́ àti nínú ìmọ̀ Olúwa wa Jésù Krístì (2 Pétérù 3:18). Iye ọdún tí ènìyàn ti lò nínú ìjọ kò tó láti fi mọ ìdàgbàsókè yìí, bẹ́ẹ̀ ni oyè tí ó jẹ níbẹ̀ kò tó. Ní Gálátíà 5:22-23, Pọ́ọ̀lù ka èso ti Ẹ̀mí lẹ́sẹẹsẹ: ìfẹ́, ayọ̀, àlàáfíà, ìpamọ́ra, ìwà pẹ̀lẹ́, ìṣoore, ìgbàgbọ́, ìwà tútù àti ìkóra-ẹni-níjàánu. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wò wọ́n, ẹ ó rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ṣeé fi hàn bí ẹlòmíràn kò bá sí nítòsí. Ta ni yóò mọ̀ pé mo ní ìpamọ́ra bí kò bá sí ẹni tí ó ń mú mi bínú?

Ìjọ tí ó wà ní Kọ́ríńtì kò ṣe aláìní ẹ̀bùn kankan, gẹ́gẹ́ bí Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí (1 Kọ́ríńtì 1:7), síbẹ̀ ní orí kẹta lẹ́tà kan náà ni ó ti pè wọ́n ní ọmọ ọwọ́ nínú Krístì, nítorí pé owú àti ìjà wà láàárín wọn. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí mú wa ronú. Ènìyàn lè máa sọ àsọtẹ́lẹ̀, kí ó máa darí ìṣọ́ òru, kí ó sì jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ tàbí ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ó lè sọ òtítọ́ fún wa bóyá ó ń dàgbà. Àwọn tí ó sún mọ́ wa jù ni ó máa ń rí ìdàgbàsókè wa tàbí àìdàgbà wa, ohun tí a sì gbàgbọ́ nìyí jálẹ̀ àwọn ìdáhùn tí ó tẹ̀ lé e.

Ṣé ìdàgbàsókè nípa ti ẹ̀mí yàtọ̀ sí ti ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àti ìlera?

Lúùkù 2:52 sọ nípa Jésù pé ó ń pọ̀ sí i ní ọgbọ́n, ó ń dàgbà ní ara, ó sì rí ojúrere lọ́dọ̀ Ọlọ́run àti lọ́dọ̀ ènìyàn. Bíbélì kò ya àwọn nǹkan wọ̀nyí nípá sí ara wọn. Àwọn tí ó mú Ìyìn Rere wá sí ilẹ̀ wa náà kò yà wọ́n, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì, ilé ìjọsìn àti ilé ìwé jùmọ̀ dé ni. Bíbélì Yorùbá, iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá àti ìyá wa àgbà fi mọ ìwé kà. Nígbà tí Archdeacon Henry Dallimore sì dá Christ's School sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1933, ìjọsìn òwúrọ̀ àti ìṣirò wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbàdúrà fún àṣeyọrí ní ìdánwò, tí kò sì ṣí ìwé rẹ̀, kò tíì lóye bí ìgbàgbọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí dókítà sọ fún pé kí ó máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé àìgbàgbọ́ ni lílò rẹ̀.

Mo fẹ́ máa ka Bíbélì, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ìyìn Rere Máàkù. Orí mẹ́rìndínlógún péré ni ó ní, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì lọ́pọ̀. Ẹ ó tètè rí Jésù níbi tí ó ti ń rìn, tí ó ń wo aláìsàn sàn, tí ó ń jẹun pẹ̀lú àwọn tí wọn kò kà sí. Láti ibẹ̀ ẹ lè bọ́ sí Sáàmù, kí ẹ tó lọ sí Jẹ́nẹ́sísì àti sí lẹ́tà Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Éfésù. Orí 1,189 ni ó wà nínú ìwé 66 tí ó di Bíbélì wa, ẹni tí ó bá sì ń ka orí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́ yóò parí rẹ̀ láàárín ọdún kan. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, a fẹ́ràn kí ó ka díẹ̀, kí ó sì pẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Máàkù 4:26-28 ṣe àpẹẹrẹ. Jésù sọ nípa ọkùnrin kan tí ó fún irúgbìn sí ilẹ̀, tí ó ń sùn, tí ó sì ń dìde lóru àti lọ́sàn-án, tí irúgbìn náà sì ń dàgbà tí òun kò mọ bí ó ti rí: ewéko kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ìpẹ́, lẹ́yìn náà ọkà tí ó gbó nínú ìpẹ́. Ẹ kà á sókè, nítorí etí máa ń gbọ́ ohun tí ojú fò. Ẹ béèrè ohun tí àgbẹ̀ náà ṣe. Ó fúnrúgbìn, ó sùn, ó dìde. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè ohun tí kò ṣe, ẹ ó sì rí i pé kò hú irúgbìn náà láti wò bóyá ó ti ta gbòǹgbò. Ẹni tí ó ti gbin àgbàdo rí ní Èkìtì kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá bi ara yín pé, níbo ni mo ti ń kánjú jù nínú ayé mi, tí n kò fún Ọlọ́run láyè? Ẹ fi ìdáhùn náà gbàdúrà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó fún gbogbo èyí, ẹ sì lè máa rò ó lọ ní ọ̀nà oko tàbí nínú ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè mú ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kan kí ó máa kà á fún un. Bíbélì Yorùbá tí a ń gbọ́ wà lórí fóònù báyìí pẹ̀lú, àǹfààní ńlá sì ni fún àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́.

A ní láti sọ ohun kan nípa Sáàmù. Àwọn kan ń lo Sáàmù bí ẹni pé ọfọ̀ ni, tí wọ́n ń kà á ní iye ìgbà kan pàtó sínú omi ní wákàtí kan pàtó, tí ọkàn wọn kò sì sí lára ohun tí ó ń sọ. Dáfídì àti àwọn tí ó kọ Sáàmù ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ni. Wọ́n sunkún níwájú rẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, wọ́n béèrè pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹ kà á bẹ́ẹ̀.

Bí mo bá ń gbàdúrà, mo máa ń sùn lọ, tàbí kí ọkàn mi máa rìn káàkiri. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ gbàdúrà ní ìdúró tàbí kí ẹ máa rìn nínú yàrá. Ẹ gbàdúrà sókè. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí ẹ fẹ́ gbàdúrà fún sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ sì gbé fóònù sí yàrá mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé agogo mọ́kànlá alẹ́ ni ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti mu yín lómi, ẹ gbé e lọ sí ìdájí. Bí ọkàn bá sì ń rìn lọ sọ́dọ̀ gbèsè kan tàbí ọmọ kan, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ohun tí ó yẹ kí ẹ gbàdúrà lé lórí gan-an nìyẹn.

Ṣé dandan ni kí n lọ sí orí òkè kí àdúrà mi tó lè gbà?

Ìlú olókè ni Èkìtì, kò sì sí ẹni tí kò mọ òkè àdúrà kan tàbí méjì. A kò sọ̀rọ̀ òdì sí wọn. Jésù fúnra rẹ̀ gun orí òkè lọ láti gbàdúrà, ó sì lo gbogbo òru níbẹ̀ kí ó tó yan àwọn àpọ́sítélì méjìlá (Lúùkù 6:12-13). Ìtàn ìsọjí ilẹ̀ wa pàápàá kò ṣeé yọ kúrò lára àdúrà irú èyí. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tí a bí ní Odò-Ọwá ní 1904, ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì nígbà tí ó gbọ́ ìpè Ọlọ́run ní oṣù kẹwàá 1928, nítòsí Ìkéjì-Arákejì. Ìsọjí ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà, ní 1930 tàn dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Ẹ̀fọ̀n kan náà ni wọ́n sì sin ín sí nígbà tí ó kú ní 1959.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ẹnu iṣẹ́ òòjọ́ ni ìpè náà ti bá a. Jésù sì ti sọ fún obìnrin ará Samáríà pé wákàtí ń bọ̀ tí kì yóò jẹ́ lórí òkè yìí, tí kì yóò sì jẹ́ ní Jerúsálẹ́mù ni a ó máa sin Baba (Jòhánù 4:21). Ní Mátíù 6:6 ó ní kí a wọ inú yàrá wa lọ, kí a sé ilẹ̀kùn. Nítorí náà, bí òkè bá fún yín ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ẹ kò rí nílé, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá di pé ẹ fi ọmọ sílẹ̀ láìjẹun, tàbí tí ẹ pa iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó lé lórí tì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ ka ohun tí 1 Tímótì 5:8 sọ nípa ẹni tí kò pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀ kí ẹ tó tún gun òkè. Lúùkù sọ pé nígbà tí Jésù sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ń ṣàìsàn ni ó pàdé, ó sì wò wọ́n sàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín bóyá àwọn ará ilé yín máa ń rí ẹni tí ó túbọ̀ ní sùúrù bí ẹ bá ti orí òkè dé.

Àwẹ̀ ńkọ́?

Àwẹ̀ dára, Jésù gbà á, ìjọ sì ń gbà á láti ayébáyé, pàápàá ní àsìkò Lẹ́ńtì. Ẹ ka Àìsáyà 58 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti kọ àwẹ̀ àwọn tí ó ń ni alágbàṣe wọn lára. Aboyún, abiyamọ tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, àti ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ọgbẹ́ inú kò gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ àti omi du ara wọn láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà; wọ́n lè yẹra fún ohun mìíràn.

Báwo ni ìgbàgbọ́ mi ṣe kan ọjà àti owó?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá kan tí ó ń ta ìrẹsì Ìgbẹmọ ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì. Kọ́ńgò rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti fi òòlù gbá ìdí kọ́ńgò náà wọnú, oníbàárà kò lè mọ̀, nítorí pé ìrẹsì yóò ṣì gun orí rẹ̀ ṣóńṣó bí ó ti yẹ. Ẹ̀kúnwọ́ kan péré ni ó dín. Ní ọjọ́ tí ìyá náà bá sọ kọ́ńgò yẹn nù, tí ó sì ra èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, èrè rẹ̀ yóò dín kù lójú ẹsẹ̀, ẹni tí ó ń ta ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì máa tà ní iye kan náà pẹ̀lú kọ́ńgò tí wọ́n ti gbá. A kò ní tan yín pé àwọn oníbàárà yóò rọ́ dé ní ọ̀sẹ̀ náà. Ó lè pẹ́. Òwe 11:1 sọ pé ìríra ni òṣùwọ̀n èké lójú Olúwa, ìyẹn sì ti tó fún ìyá náà láti ṣe ohun tí ó tọ́, yálà ọjà tà tàbí kò tà. A gbà pé àdúrà tí ó gbà ní àárọ̀ ọjọ́ náà dé ọ̀run.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún olùkọ́ tí ń ta máàkì, fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń bá ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́ buwọ́ lùwé, àti fún télọ̀ tí ó ń sọ pé aṣọ ti parí nígbà tí kò tíì gé e. Sákéù agbowó-orí kò dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó ṣèlérí ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún àwọn tálákà, ó sì ní òun yóò san ìlọ́po mẹ́rin padà fún ẹnikẹ́ni tí òun ti rẹ́ jẹ (Lúùkù 19:8). Bí ẹ bá rántí ẹni tí ẹ rẹ́ jẹ, tí ẹ sì mọ ibi tí ó wà, ẹ dá owó rẹ̀ padà. Ìdámẹ́wàá kò lè dípò rẹ̀.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò bá ara wa sọ̀rọ̀ nítorí ilẹ̀ bàbá wa. Ṣé mo lè máa dàgbà nínú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀?

Ó ṣòro. Jésù ní bí o bá mú ẹ̀bùn rẹ wá sí ibi pẹpẹ, tí o sì rántí níbẹ̀ pé arákùnrin rẹ ní ohun kan sí ọ, kí o fi ẹ̀bùn náà sílẹ̀, kí o kọ́kọ́ lọ bá a làjà (Mátíù 5:23-24). Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí inú ń bí ní ibẹ̀ yẹn ni ẹnì kejì, síbẹ̀ ẹni tí ó wà níbi pẹpẹ ni ó ní kí ó dìde. Ẹ rán àgbà kan tí ẹ̀yin méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fún síwájú, kí ẹ sì lọ kí ẹ̀gbọ́n yín nílé rẹ̀ láìmẹ́nu ba ilẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ààlà lè wà níwájú àwọn olórí ẹbí tàbí ilé ẹjọ́ síbẹ̀. Ìdáríjì kò sọ pé kí ènìyàn fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ dandan. Róòmù 12:18 pàápàá sọ pé bí ó bá lè ṣe é ṣe, níwọ̀n bí ó ti wà ní ọwọ́ yín, kí ẹ máa wà ní àlàáfíà pẹ̀lú gbogbo ènìyàn.

Ẹni tí ọkọ tàbí ìbátan ń lù nílé kọ́ ni a ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́kọ́ kúrò nínú ewu, kí ó sì sọ fún àwọn tí ó lè dáàbò bò ó. Àlùfáà tí ó bá ní kí ó padà sínú ilé tí wọ́n ti ń lù ú kí ó máa gbàdúrà kò ṣe é dáadáa.

Ẹbí mi ń ṣe ọdún ìbílẹ̀, àwọn kan sì jẹ́ Mùsùlùmí. Báwo ni kí n ṣe bá wọn gbé?

Nínú ìdílé Èkìtì, èyí wọ́pọ̀. Ìjókòó ẹbí, ìkíni fún ọba, iyán iṣu tuntun pẹ̀lú àwọn àbúrò tí wọ́n ti Èkó dé, ìwọ̀nyí kì í ṣe ìbọ. Bí ètò bá wá kan ẹbọ tàbí ìpè òrìṣà, ẹ yẹra pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì ti sọ fún àwọn àgbà ilé ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó má baà dàbí ìwọ̀sí. Pọ́ọ̀lù jẹ́ kí ó hàn ní 1 Kọ́ríńtì 10 pé onígbàgbọ́ lè jókòó jẹun ní ilé ẹni tí kì í ṣe onígbàgbọ́, ṣùgbọ́n kò lè pín nínú tábìlì òrìṣà. Pétérù sì ní kí a máa fi ìwà tútù àti ọ̀wọ̀ dáhùn nípa ìrètí wa (1 Pétérù 3:15). Ọmọ tí ó di àtúnbí tí kò wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ mọ́ ń ba ẹ̀rí Krístì jẹ́ nínú ilé náà. Ẹ dá owó ẹbí tí ó kan yín, ẹ bá wọn tọ́jú aláìsàn, ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín tí ó jẹ́ Mùsùlùmí yọ̀ lọ́jọ́ Iléyá.

Báwo ni mo ṣe lè mọ wòlíì tàbí pásítọ̀ tí yóò ràn mí lọ́wọ́ láti dàgbà?

Jésù ní èso wọn ni a ó fi mọ̀ wọ́n (Mátíù 7:16). Àwọn ará Bèríà ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ohun tí Pọ́ọ̀lù ń sọ rí, Lúùkù sì yìn wọ́n fún un (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17:11). Olùkọ́ rere kì í bínú bí ẹ bá ṣí Bíbélì yín.

Ohun kan wà tí ó ń dùn wá gidigidi, ìyẹn ni àsọtẹ́lẹ̀ tí ń fi ìyá hàn ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá. Ọmọ á dé láti Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ á ti gún iyán sílẹ̀ dè é, ọmọ á sì kọ̀ láti fọwọ́ kan oúnjẹ náà nítorí ohun tí ẹnì kan sọ fún un lórí fóònù. Opó arúgbó náà á jókòó ti abọ́ náà títí yóò fi tutù. Ẹ̀mí tí ó ní kí a bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá kò ní ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ báyìí. Bí wòlíì bá sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún yín, tí ó sì tún dárúkọ iye owó tí ẹ ó san kí ewu náà tó kọjá, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ìyá yín, kí ẹ sì jẹun.

Báwo ni a ṣe ń tọ́ ọmọ sínú ìgbàgbọ́?

Ìgbàgbọ́ tí ó wà nínú Tímótì ti kọ́kọ́ wà nínú Lóìsì ìyá rẹ̀ àgbà àti Yùníìsì ìyá rẹ̀ (2 Tímótì 1:5). Kí àdúrà ìdílé ṣe ráńpẹ́, kí ọmọ kan ka Bíbélì, kí òmíràn dá orin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè ìbéèrè láìsí ìfòyà. Bí ẹ bá sì ṣẹ ọmọ, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ń gbàdúrà, mo ń ka Bíbélì, ṣùgbọ́n ó dàbí ẹni pé Ọlọ́run ti dákẹ́.

Ẹ kò dá wà. Sáàmù 13 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè yìí gan-an, Sáàmù 88 sì parí sínú òkùnkùn láìsí ìdáhùn, síbẹ̀ a kò yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì. Nígbà tí Èlíjà bẹ̀ pé kí òun kú lábẹ́ igi ní aginjù, áńgẹ́lì tí a rán sí i kò bá a wí. Ó jẹ́ kí ó sùn, ó fún un ní àkàrà àti omi, ó sì tún jẹ́ kí ó sùn (1 Àwọn Ọba 19). Nítorí náà ẹ sinmi, ẹ jẹun, ẹ má sì fi ìjọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ kò bá lè kọrin, ẹ jókòó kí àwọn yòókù máa kọ ọ́. Bí oorun kò bá wá mọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí oúnjẹ kò lọ, tàbí tí èrò ikú ń wá, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà bí ó ti rí, pẹ̀lú ẹnì kan tí ó fẹ́ràn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Mo tún ti ṣubú sínú ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ti fi sílẹ̀. Ṣé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́?

Rárá. Ìgbà mẹ́ta ni Pétérù sẹ́ Olúwa rẹ̀, ìgbà mẹ́ta sì ni Jésù bi í ní etí òkun bóyá ó fẹ́ràn òun, tí ó sì tún fi àgùntàn rẹ̀ lé e lọ́wọ́ (Jòhánù 21:15-17). 1 Jòhánù 1:9 sọ pé bí a bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa, olóòótọ́ àti olódodo ni òun láti dárí rẹ̀ jì wá. Ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ lónìí, ní orúkọ tí ó ń jẹ́ gan-an, láìbò ó mọ́lẹ̀. Ẹ yan onígbàgbọ́ kan tí ó lè pa àṣírí mọ́, kí ẹ sọ fún un, kí ẹ sì gbà á láyè láti máa béèrè lọ́wọ́ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí nǹkan ṣe ń lọ. Bí ó bá jẹ́ ọtí ni, ẹ yí ọ̀nà tí ẹ ń gbà lọ sílé padà. Bí ó bá jẹ́ tẹ́tẹ́ orí fóònù ni, ẹ pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù náà, kí ẹ sì fún ìyàwó tàbí ọkọ yín láyè láti máa rí àkáǹtì yín. Bí ìṣubú náà bá ti pa ẹlòmíràn lára, ọ̀dọ̀ ẹni náà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ tó dé.